Òṣíbàtà Funfun Màríyámọ̀

Ẹ gbé àpótí yín sún mọ́ mi, kí n sọ ọ̀rọ̀ Màríyámọ̀ fún yín. Nínú àwọn ìtàn tí ìyá mi ń sọ fún wa lábẹ́ òṣùpá, odò máa ń fọhùn, ẹja a sì máa fẹ́ ọmọ ọba. Nínú èyí, omi ò sọ nǹkan kan. Àwọn ọkọ̀ oníyanrìn ló sọ̀rọ̀.

Adágún kan wà lẹ́yìn Ìkòsì wa níbí nígbà kan. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ, ilé alájà mẹ́ta-mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí. Òṣíbàtà ló bo ojú rẹ̀, irú èyí tó ń tan òdòdó funfun báláú, tó ń là láàárọ̀, tó sì ń pa dé tí oòrùn bá ti kọjá àtàrí. Ibẹ̀ ni bàbá Màríyámọ̀ ń dẹ ìgèrè sí. Nígbà tí àwọn tó ra ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn sínú omi, Màríyámọ̀ ti wà nílé ọkọ. Ó sáré wá, ó wọ ẹrẹ̀ lọ dé itan níbi tí iyanrìn ò tíì dé, ó fa gbòǹgbò kan ṣoṣo yọ, ó jù ú sínú ike ọ̀dà. Awakọ̀ kan ń pariwo lé e lórí pé, "Madam, ẹ jáde ńbẹ̀ o! Màá rọ́ yẹ̀pẹ̀ lé yín lórí o!" Kò dá a lóhùn títí ó fi fà á tán.

Muideen ọkọ rẹ̀ ti kú báyìí. Wọn ò bímọ. Gbòǹgbò yẹn ló tẹ̀ lé e láti ilé kan dé ìkejì títí ó fi dé ilé ọmọ mi Mutolib, níbi tí a jọ ń gbé. Ọdún kẹrìnlá rèé tí Màríyámọ̀ ti jẹ́ ayálégbé wa. Ata rodo ló ń tà ní Mile 12. Tó bá ti kírun àsùbá tán ló ń jáde, ó di ẹ̀yìn ìrun àìlà kó tó wọlé, kò sì ní í tíì tú gèlè lórí tó fi máa gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Àbọ̀ dírọ́ọ̀mù oníke mẹ́ta ló tò síbẹ̀. Òṣíbàtà aláwọ̀ aró ló wà nínú àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ń rí hú lápá Àgbóyì. Ti àárín ni funfun yẹn. Mo máa ń jókòó tì í tó bá ń tọ́jú rẹ̀. Amọ̀ lásán ló ń lò, kì í lo ilẹ̀ dúdú, ó ní ilẹ̀ dúdú máa ń rà nínú omi ni, á sì máa rùn. Á wé ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sínú bébà bí ẹni ń pọ́n ẹ̀kọ, á tẹ̀ ẹ́ sínú amọ̀ nísàlẹ̀ pátápátá. Á fi ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò náà lélẹ̀, á jẹ́ kí ojú rẹ̀ yọ síta bí ojú iṣu, á wá tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká. Omi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sùn nínú korobá mọ́jú kó tó dà á sí i, nítorí oògùn tí wọ́n fi ń fọ omi. Bí ewé kan bá pọ́n, èékánná ló fi ń já a láti ìdí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn ará Magodo ti wá mú nínú ọmọ funfun yẹn lọ sínú adágún oníbíríkì wọn. Ó kìlọ̀ fún wọn pé kò fẹ́ omi tó ń ta sí i lára. Wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń tu omi sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú. Nítorí náà, èyí tó wà lẹ́yìnkùlé wa nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ní àsìkò òjò tó kọjá yìí ni Sùrájù, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, tóun náà jẹ́ ayálégbé wa, wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibà ti mú Labeebah ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì.

"Màmá, ẹ bá mi bá Aunty Màríyámọ̀ sọ̀rọ̀ o. Oko ẹ̀fọn ni wọ́n ń dá lẹ́yìnkùlé."

Màríyámọ̀ ń fọ apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, ó gbọ́. "Brọ̀dá Sùrájù, gọ́tà iwájú ilé ńkọ́? Èmi náà ni mo gbìn ín?"

"Gọ́tà ìjọba nìyẹn. Tiyín là ń sọ."

"Ẹ̀fọn tó jẹ Labeebah, ó mú ìwé ìbí dání ni, tẹ́ ẹ fi mọ ilé tí wọ́n bí i sí?"

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ó rí i."

Lóòótọ́, a rí i. Ní Móńdè, Sùrájù mú wolé-wolé wọlé, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹ̀bùnọlá, ó wọ bàtà òjò, ó mú ṣíbí funfun kan tọ́wọ́ rẹ̀ gùn dání. Ó bu omi nínú dírọ́ọ̀mù àárín, ó gbé e síwájú gbogbo wa. Tanwíjí ń jó nínú rẹ̀, wọ́n ń ká ara kò, wọ́n ń nà án.

"Mà, ọjọ́ méje," ló wí fún Màríyámọ̀. "Tí mo bá padà dé tí mo rí ẹyọ kan péré nínú dírọ́ọ̀mù kan, ẹ máa da ti inú rẹ̀ nù lójú mi."

"Tí mo bá dà á nù, aunty mi, kò sí òmíràn mọ́ o. Wọ́n ti kọ́lé sórí ibi tó ti wá."

"Ọmọ tí ibà ń mú yìí náà, ṣé òmíràn wà?"

 Màríyámọ̀ ló máa ń po ẹ̀kọ fún Labeebah tára rẹ̀ bá gbóná. Ó wò mí. Èmi ń wo ilẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ní ọjọ́ kejì, kò lọ sọ́jà. Ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Àgbóyì, ó bá àwọn apẹja wá ẹja wẹ́wẹ́, irú èyí tí kò ju èékánná lọ, tó ń gbé tanwíjí mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ó gbé wọn wálé nínú ike, ó jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́jú nínú ike náà kí omi ibí lè mọ́ wọn lára. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ló pín wọn sínú dírọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yọjú sí mi kó tó jáde, ó fẹ́ sọ fún mi. Orí ìrun ló bá mi. Kò lè dúró, ọkọ̀ ata ti dé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibẹ̀ ni tèmi ti wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wolé-wolé bá dé àdúgbò, kẹrosíìnì ni wọ́n ń dà sójú omi tó bá dúró. Ẹ̀fọn ń kú lóòótọ́. Mo rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà bí mo ṣe jókòó. Láti Móńdè ni mo ti ń rò ó pé ìlérí ọmọbìnrin yẹn á ṣẹ, Màríyámọ̀ á sì sunkún lójú mi nínú ilé ọmọ mi. Ìgò kẹrosíìnì sítóòfù mi sì wà níbẹ̀. Mo gbé e, mo lọ sẹ́yìnkùlé. Ti àárín ni mo lọ bá, nítorí òun ni Màríyámọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo dà á yí i ká bí ẹni ń da epo sójú ọbẹ̀. Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nǹkan funfun kékeré kan léfòó, ó yí ikùn sókè. Òmíràn tẹ̀ lé e. Mo sún mọ́ ọn. Ẹja ni! Wọ́n ń yọ ẹnu sókè, wọ́n ń là á, wọ́n ń pa á dé, títí wọn ò fi ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ka mẹ́sàn-án, mo fi kíkà sílẹ̀. Mo jókòó sórí àkàbà níbẹ̀, mi ò lè wọlé, mi ò sì lè sá.

Nígbà tí Màríyámọ̀ tọjà dé, láti ẹnu ọ̀nà ló ti gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló da kẹrosíìnì?"

"Èmi ni, Màríyámọ̀."

Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ara ì bá tù mí.  Ó tú gèlè, ó fi gba àyà. Iná ò sí, ẹ̀rọ omi ò lè ṣiṣẹ́. Korobá méjì péré ló ní tó ti sùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba omi náà kó má baà ta, ó ń jẹ́ kó ṣàn wọ ẹ̀gbẹ́ dírọ́ọ̀mù díẹ̀díẹ̀, kí òróró tó wà lókè lè kún, kó dà sóde. Òróró yẹn ń dán bí òṣùmàrè. Ó ń tẹ́ bébà ìròyìn sójú omi, ó ń ká a kúrò, ó ń tẹ́ òmíràn. Ó fi òwú nu ewé kọ̀ọ̀kan, lójú, lẹ́yìn. Àkísà ni mo ń fún un. 

Sùrájù dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. "Ṣé ó ti kú ni?"

"Ẹ wá fọwọ́ kàn án," ni Màríyámọ̀ wí, kò yíjú.

Kò wá. Àmọ́ kò rẹ́rìn-ín o, mo jẹ́rìí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ewé méjì pọ́n. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó di mẹ́fà, gbogbo wọn rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Ó mú ẹja ẹyọ kan nínú dírọ́ọ̀mù ẹ̀gbẹ́, ó fi dán an wò ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, ẹja náà ti kú. Òróró ṣì wà nínú amọ̀. Kò lè yí gbòǹgbò náà kúrò, nítorí ó ní kò sí èyí tó ń kú kíá bí èyí tí wọ́n bá tú nígbà tára rẹ̀ ò dá. Asẹ́ tíì ló wá kù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, á máa fi asẹ́ fa tanwíjí jáde, á máa gbọ̀n ọ́n sílẹ̀, kó tó lọ sọ́jà. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

Lọ́jọ́ keje, Ẹ̀bùnọlá dé. Sùrájù gbé Labeebah lé èjìká jáde. Màríyámọ̀ ti fi asẹ́ fa omi ti àárín lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yẹn.

Wolé-wolé bu ti apá ọ̀tún. Ẹja kan fò mọ́ ṣíbí rẹ̀, ó fà sẹ́yìn. "Ẹ̀yin náà mà gbọ́n, mà." Kò sí nǹkan kan. Ó bu ti apá òsì, kò sí. Ó wá bu ti àárín lẹ́ẹ̀kan, omi mọ́. Ó bù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó mọ́. Mo ti fẹ́ mí. Ó kì í lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé e sókè. Ó kàn na ṣíbí náà sí Màríyámọ̀. Tanwíjí méjì.

"Ọmọ mi, èmi ni mo fà á," ni mo wí. "Ó ti kó ẹja sí i. Èmi ni mo da kẹrosíìnì sí i tí mo pa wọ́n. Ẹ dá mi lẹ́bi, ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀."

"Màmá, kẹrosíìnì ti ayé àtijọ́ nìyẹn. Ẹ má ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni mo rí."

"Ẹ jẹ́ kí n fúnra mi dà á," ni Màríyámọ̀ wí.

Ó tẹ dírọ́ọ̀mù náà ní ẹ̀gbẹ́, omi ṣàn lọ, ó ku amọ̀. Ó kúnlẹ̀ tì í.

"Omi ni mo ní kẹ́ ẹ dà nù o, mà," ni Ẹ̀bùnọlá wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mi ò dárúkọ gbòǹgbò."

Màríyámọ̀ ti ki ọwọ́ bọ amọ̀ kí ó tó sọ ọ́ tán. Ó fa gbòǹgbò náà jáde, ó tóbi tó apá ọmọdé. Òórùn rẹ̀ lé wa sẹ́yìn. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó rì wọlé. Ó ní kí n gbé ọ̀bẹ wá. Ó gé e, inú rẹ̀ dúdú. Ó gé e sí i, dúdú ni. Kò wojú ẹnì kankan. Ó ń gé e, ó ń jù ú nù, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń kéré sí i, títí mo fi rò pé ọ̀bẹ á kan ìka rẹ̀. Lójijì, ọ̀bẹ ró gbọ̀rọ̀: ó kan ibi líle. Ó funfun bí inú iṣu. Kò ju àtàǹpàkò lọ, ojú kan ṣoṣo ló ní.

"Aunty, ṣé iṣu ni?" Labeebah ló bèèrè láti èjìká bàbá rẹ̀.

"Iṣu omi ni, ìyàwó mi."

Sùrájù sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀. "Aunty, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n tí ibà bá tún mú ọmọ yìí, màá tún pè wọ́n."

"Ẹ pè wọ́n," ni Màríyámọ̀ wí. "Èmi gan-an á bá yín pè wọ́n."

Dírọ́ọ̀mù àtijọ́ di ohun àpatì nítorí òróró tó ti wọ̀ ọ́ lára. Amọ̀ tuntun, dírọ́ọ̀mù tuntun, omi tó ti sùn ní òru méjì ló gbin ojú kan ṣoṣo yẹn sí. Ó kó ẹja márùn-ún láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sí i, wọn ò kú. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó kù ju ká máa wò ó. Ọjọ́ márùn-ún, omi lásán. Ọjọ́ mẹ́jọ, omi lásán.  Tó bá ti lọ sọ́jà, èmi ni mo ń lọ jókòó tì í, mo ń wo inú omi títí ojú á fi máa ro mí.

Lọ́jọ́ kọkànlá, ó dé láti ọjà, ó bá mi níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, ó pẹ́ kó tó nà tán. Nǹkan pupa kan bí ẹnu abẹ́rẹ́ ti yọ láti inú òkúta wẹ́wẹ́, ó ká mọ́ra, ẹja kan ń fi imú tì í.

"Ṣé òun ni?" ni mo bèèrè.

"Màmá," ó wí, ó dì mí lápá, ó sì rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, "ẹ ti ṣíji bò ó, ẹ jẹ́ kó rí oòrùn."