Kọ̀ǹpútà Tí Kò Mọ Ọjọ́

Ẹni tó bá wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn kíṣíìnì wa ní Oxon Hill yóò rí àpótí dúdú kan lábẹ́ tábìlì. Kò lẹ́wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kò ní ìdérí, nítorí mo fẹ́ràn kí n máa rí inú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tò ó, láti orí bọ́ọ̀dù àtijọ́ tí mo gbà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò lò ó mọ́, títí dé orí fáànù tó ń kùn bí oyin. Rédíò ni mo ń tún ṣe ní Ìbàdàn fún ọdún púpọ̀ kí n tó wá sí Amẹ́ríkà, kí n tó wá di ẹni tó ń ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ní D.C. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi kò gbélé. Ọwọ́ tí rédíò títú ti mọ́ lára kò lè máa di rìmóòtù nìkan mú.

Ètò méjì ló ń gbé inú àpótí náà. Èkínní ni èyí tí gbogbo ọ́fíìsì ń lò. Ti ìyàwó mi nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ní àwọn ẹ̀kọ́ tó gbọ́dọ̀ máa ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó lè sọ láísẹ́ǹsì rẹ̀ dọ̀tun. Èkejì ni Linux, tèmi, nítorí ibẹ̀ ni mo ti tò kíbọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ kí n fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá láìsí wàhálà. Ibẹ̀ náà ni ohùn ìyá mi wà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀. Nígbà tí màámi wà láyé, nígbàkígbà tí mo bá lọ sílé, mo máa ń gbé rédíò onítéèpù síwájú rẹ̀, màá ní kó máa sọ ìtàn ilé wa, kó máa pàlọ́, kó máa sọ ẹni tó bí ta ni. Téèpù mọ́kàndínlógún. Inú báàgì ọwọ́ ni mo fi kó wọn wá sí Maryland, n kò jẹ́ kí wọ́n bá ẹrù yòókù lọ. Ìgbà tó yá, omi òjò wọ ìsàlẹ̀ ilé wa, gbogbo téèpù náà bu. Ọpẹ́ ni pé mo ti da ohùn inú wọn sínú kọ̀ǹpútà kí omi tó dé. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n wá kù sí láyé: inú àpótí dúdú yẹn, ní ẹ̀gbẹ́ tèmi. Àwọn àbúrò mi a máa sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ da ẹ̀dà kan fún wa o.” Màá ní, “Ọ̀la.” Ọ̀la kì í tán lẹ́nu àgbà.

Bí ẹni méjì bá ń gbé ilé kan, ó yẹ kí ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà láti bi àlejò pé, “Ta lẹ wá rí?” Bootloader ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ń pè é nínú kọ̀ǹpútà. Oníbodè ni èmi ń pè é. Bí o bá tan ẹ̀rọ, òun lo máa kọ́kọ́ bá pàdé. Oríṣiríṣi ló wà. Àgbà wọn ni GRUB: ojú dúdú, lẹ́tà funfun, kò sí ibi tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀. Òun ni mo kọ́kọ́ fi síbẹ̀. Ìyàwó mi wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wo ojú mi.

“Dádì, ṣé kọ̀ǹpútà nìyí àbí ìwé ìpè láti kọ́ọ̀tù?”

Mo wá lọ mú òmíràn tí wọ́n ń pè ní rEFInd. Tòun, àwòrán méjì péré ló máa ń gbé síta. Ẹni tó ti iṣẹ́ wákàtí méjìlá dé, tí ojú ti rẹ̀, yóò kàn tẹ àwòrán tirẹ̀, ó parí. Nítorí ìyàwó mi ni mo ṣe yàn án, n kò sì kábàámọ̀. Ó ṣọ́nà fún wa dáadáa fún bí ọdún kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù, mo tan ẹ̀rọ, oníbodè kò yọjú. Ẹ̀rọ lọ tààrà sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, tí àlejò ṣí i tó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Mo wọ ibi tí wọ́n ti ń tò ó, mo dá oníbodè padà sí ipò rẹ̀. Ó gbà. Ní ọjọ́ kejì, ó ti tún lọ. Mo dá a padà. Ó dúró fún ọjọ́ méjì, mo ti ń yin ara mi, ló bá tún pòórá. Rédíò tó kú pátápátá kò ṣòro. Èyí tó máa ń dákẹ́, tó tún máa ń sọ̀rọ̀ bí oníbàárà bá ti wọlé, òun ló ń fa irun tu lórí oníṣẹ́.

Mo bá yíjú sí ìyàwó mi.

“Kí lo tẹ̀ níbẹ̀?”

“Ẹ̀kọ́ mi ni mo ṣe, Dádì.”

“Ètò rẹ ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe, o sì gbà fún un.”

“Bí n kò bá gbà, ṣé yóò jẹ́ kí n sinmi ni? Ẹ̀yin náà ẹ wo bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀.”

“Ìwọ àti ètò rẹ yìí, ẹ ti lé oníbodè mi lọ.”

“Ẹ kú oníbodè o. Ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù.”

Ó lọ múra iṣẹ́. Èmi jókòó, inú ń bí mi. Mo ní rEFInd ti rọ̀ jù, mo dá GRUB àgbà padà. Òun náà pòórá. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin, mo fi ìbínú wọ ibi tí fáìlì àwọn oníbodè wà, mo ń gbá wọn dànù lọ́tùn-ún lósì, mo sì pa èyí tí kò yẹ kí n pa. Nígbà tí mo tún tan ẹ̀rọ tí mo ní kó gbé mi lọ sọ́dọ̀ tèmi, ojú rẹ̀ dúdú. Ìlà kékeré kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú lókè. Mo dúró, mo dúró. Ìgbà yẹn ni mo rántí gbogbo “ọ̀la” tí mo ti sọ fún àwọn àbúrò mi.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Glenarden. Ilé ìwé kan náà la lọ, ẹ̀rọ bíi tèmi yìí ló sì ń fi ọjọ́ ogbó ṣeré. Àárọ̀ Sátidé ló dé, ó mú fláàṣì kan tó ti da Linux sí dání.

“Bàbá Rédíò! Ẹ̀rọ ti ṣe ọ́ bí o ti máa ń ṣe oníbàárà.”

“Jókòó jàre.”

“Ṣé o rántí rédíò bàbá mi? O tú u, o tò ó padà, ìṣó mẹ́ta ṣẹ́kù sílẹ̀.”

“Ṣé kò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà ni?”

“Ó sọ̀rọ̀ mọ̀. Kò sọ ju Faransé lọ títí tí bàbá mi fi kú.”

Ó ti fláàṣì bọ ẹ̀rọ, ó wò ó títí. Ó ní ìmọ̀ràn tòun ni pé ilé kan kò gba ọba méjì. Ó ní kí a nu ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi kúrò pátápátá, kí a tún Linux tò lọ́tun, kí ó dá ilé gbé. Ibi tí kò sí àlejò, kò sídìí oníbodè. Lójú kọ̀ǹpútà, a rí ìpín orí díìsìkì bí àpótí tí wọ́n tò sára ògiri. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára wọn, kò sí orúkọ. Ọ̀rẹ́ mi ní èyí tó tóbi nínú wọn ni ti ìyàwó mi. Mo gbé ọwọ́ lé máùsì.

Ilẹ̀kùn ìta dún. Ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ó bọ́ bàtà, ó dúró lẹ́yìn wa.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Kí lẹ fẹ́ gé?”

“A fẹ́ yọ ẹ̀yà ara kan kúrò ni, ìyàwó wa,” ọ̀rẹ́ mi dáhùn.

“Ẹ̀yà ara ta ni?”

Ọ̀rẹ́ mi wúkọ́. “Tiyín ni.”

Kò bínú. Èmi ló kọjú sí. “Dádì, ohùn Màámi ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀,” ni mo wí.

“Ó wà níbẹ̀, ẹ sì fẹ́ ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́? Níbi iṣẹ́ wa, a kọ́kọ́ máa ń mú kí ẹ̀mí dúró ná. Lẹ́yìn náà la ó máa wádìí àìsàn.” Ó wá bi ọ̀rẹ́ mi pé, “Fláàṣì yín yìí, ṣé kò lè wo inú ilé láìgba ọ̀dọ̀ oníbodè kọjá?”

Ọ̀rẹ́ mi họ orí. “Ó kúkú lè ṣe é.”

“O ò sì sọ!” ni mo pariwo.

“O ò bi mí!”

A ṣí i. A wo ìpín kìíní, kò sí. A wo èyí tó tóbi tí mo ti fẹ́ nù, ìwé ara mi ni mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Èyí tí ọ̀rẹ́ mi ní ti ìyàwó mi ni, tèmi ni. Fáìlì mọ́kàndínlógún wà níbẹ̀, wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé. Mo tẹ ìkẹta. Ohùn màámi jáde, ó ń pàlọ́ lọ, ló bá já a láàárín: “Ẹ bá mi lé ewúrẹ́ yẹn kúrò nídìí èèpo iṣu!” Èmi bọ́ gíláàsì ojú mi, mo ń nù ún, kò sì dọ̀tí.

Ibi tí a ti ń da ẹ̀dà sórí díìsìkì kékeré méjì, ìyàwó mi tẹjú mọ́ igun ojú kọ̀ǹpútà.

“Dádì, ọjọ́ wo lòní?”

“Sátidé ni.”

“Ẹ̀rọ yín kò mọ̀ ọ́n o. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ló wà, ní ọdún tí a kò tíì gbé inú ilé yìí.”

Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, pé ètò tèmi àti tirẹ̀ kì í fẹnu kò lórí aago láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pé ọ̀kan máa ń fi wákàtí mélòó kan ṣáájú èkejì.

“Wákàtí nìyẹn. Ọdún lèyí. Bí aláìsàn bá dé ọ̀dọ̀ wa tí a kò mọ ohun tó ń ṣe é, a máa ń bi í pé ọjọ́ wo lòní. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, orí la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, a kì í gé e lẹ́sẹ̀. Ibi ẹ̀kọ́ mi náà lé mi síta lọ́jọ́sí, wọ́n ní déètì mi kò tọ̀nà. Mo tún un tẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n gbà mí. Mo rò pé oorun ló ń kùn mí ni.”

Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Bátìrì kan wà lórí bọ́ọ̀dù, ó pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì kóòtù. Bí iná kò bá sí lára ẹ̀rọ, bátìrì yẹn ló ń bá a rántí ọjọ́, òun náà ló ń bá a rántí oníbodè tó yẹ kó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tiwa ti kú, ṣùgbọ́n bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, aago á tún ara rẹ̀ ṣe, ìdí nìyẹn tí a kò fi tètè rí i.

“Ṣùgbọ́n iná kì í lọ níbí,” ọ̀rẹ́ mi wí. “Bí o bá tilẹ̀ pa ẹ̀rọ, iná ṣì ń wọ bọ́ọ̀dù. Ta ló ń mú iná kúrò?”

Ìyàwó mi já kàlẹ́ńdà tó wà lára fíríìjì, èyí tó fi ń sàmì sí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Gbogbo àárọ̀ tí oníbodè sọnù, ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́ ní alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, èmi ni mo pa ẹ̀rọ. Gbogbo àárọ̀ tó dúró, òun ló lò ó kẹ́yìn.

“Èmi kì í fọwọ́ kan bọ́tìnnì pupa yín,” ni ó wí, kò gbé ohùn sókè rárá.

Bọ́tìnnì pupa tó wà lórí ẹsitẹ́ńṣọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ilé nígbà yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ní Ìbàdàn, kì í ṣe lílọ iná ló ń ba nǹkan jẹ́, bíbọ̀ rẹ̀ ni. Tẹlifíṣọ̀n oníbàárà kan gbiná lójú mi lọ́jọ́ kan nítorí pé n kò yọ ọ́ lára iná. Láti ọjọ́ náà, n kì í lọ sùn kí n má kọ́kọ́ pa gbogbo nǹkan láti ìdí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà níbí, ọwọ́ mi kò tíì gbọ́ pé a ti kó kúrò. Èmi ni mo ń fi ìṣọ́ra pa bátìrì náà díẹ̀díẹ̀, tí mo sì ń ka ẹ̀sùn sí ìyàwó mi lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. “Gbogbo wa sá fún àwọn oníná tó ń mú iná lọ. A ò mọ̀ pé ìwọ lo fi báàgì ọwọ́ gbé wọn wá!”

A ra bátìrì náà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Temple Hills lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo fi í rọ́pò èyí tó kú, mo kọ́ ọjọ́ fún ẹ̀rọ, mo fi fláàṣì tún ẹnu ọ̀nà mi ṣe. GRUB dára, n kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa, ṣùgbọ́n rEFInd alàwòrán ni mo dá padà. Nígbà tí ìyàwó mi jí, ó bá àwòrán méjì níwájú rẹ̀, tirẹ̀ lápá ọ̀tún bíi ti tẹ́lẹ̀.

“Ìyàwó mi, mo jẹ̀bi,” ni mo wí. “O ò ṣe nǹkan kan. Ìwọ lo tọ́jú ẹ̀rọ yìí.”

“Mo ti kọ ọ́ sínú fáìlì yín, Dádì. Ẹ ṣáà fi bọ́tìnnì pupa sílẹ̀.”

Àwọn àbúrò mi ti gba ẹ̀dà tiwọn báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi ṣì máa ń lọ sídìí ẹsitẹ́ńṣọ̀n fúnra rẹ̀; màá dá a dúró, màá sì gbọ́ téèpù kan dípò rẹ̀. Nínú èyí tó kẹ́yìn, màámi dákẹ́ láàárín ìtàn, ó bi mí pé, “Ṣé ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ mi?” Mo máa ń fẹ́ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó mi bá wà nílé, kì í jẹ́ kó kàn mí. Láti kíṣíìnì ni yóò ti dáhùn:

“Ó ń gbọ́ yín o, Màámi!”