Bí A Ṣe Wádìí Ilé-Ẹ̀kọ́ Bí Ẹni Ń Wádìí Ilé Ọkọ

Bí o bá ti gba Glei ní ilẹ̀ Tógò kọjá rí, ọ̀rẹ́ mi, wàá mọ òórùn tí mò ń sọ: iṣu sísun lórí èédú, eruku pupa ẹ̀bá títì, àti èéfín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gòkè lọ sí Atakpamé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Tàǹtí, ti ń sun iṣu tà lẹ́bàá títì yẹn láti ìgbà tí mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sáré lọ lọ́jọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Paríìsì gbà mí pé kí n wá ṣe másítà nínú ìmọ̀ ìṣúná owó. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, mi ò tilẹ̀ kí i tán tí mo fi na fóònù sí i kí ó wo àwòrán: ilé onígíláàsì láti òkè délẹ̀, òdòdó lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ tí eyín wọn funfun bí òwú. Tàǹtí nu ọwọ́ sí ìró, ó wo àwòrán náà títí, ó wá ní, "Ó dára. Ta ló bá ọ wádìí wọn?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Tàǹtí, ilé-ẹ̀kọ́ ni o, kì í ṣe ọkọ."

"Mo gbọ́. Ṣé o ò ní bá wọn gbé ni? Ṣé orúkọ wọn kọ́ ni wàá máa jẹ́ kiri níbi iṣẹ́ títí wàá fi darúgbó? Ilé wo lọmọ wa wọ̀ rí tí a ò wádìí rẹ̀? Ilé làá wò ká tó sọmọ lórúkọ." Ló bá yí iṣu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì ń dá oníbàárà lóhùn.

Kí n là á yé ọ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa tí a ń sọ èdè Ifẹ̀ ti Tógò, yálà ẹ jẹ́ Kátólíìkì, yálà ẹ jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì, yálà ẹ ṣì ń bọ ohun tí àwọn baba ń bọ, ẹ ò gbọdọ̀ fa ọmọbìnrin fún ilé tí ẹ ò wádìí. Èèyàn méjì ló ń lọ, torí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n lè fi iyán àti ẹran dí lójú. Wọn kì í bi bàbá ọkọ ní nǹkan kan. Kí ni bàbá ọkọ fẹ́ sọ? Ará ilé òdìkejì ni wọ́n ń bi. Wọ́n á béèrè bóyá wèrè wà nínú ìdílé náà. Wọ́n á béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ìyàwó tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n á tún béèrè bóyá àwọn ọmọ tó ti jáde nílé náà ṣì ń yà kí ilé. Tàǹtí máa ń ní bí àwọn tó jáde bá ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá láìyà, kí o tètè ká aṣọ rẹ kí o máa lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni mo kọ̀wé sí nígbà náà. Mo ti gboyè àkọ́kọ́ ní Lomé, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ayánilówó kékeré kan ní Atakpamé, níbi tí mo ti ń lọ wo oko àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n tó yá wọn lówó. Paríìsì ti gbà mí pátápátá. Aṣojú wọn tó wà ní Lomé, ọkùnrin olóòórùn dídùn kan, ń pè mí bí ẹni pé èmi àti òun jọ bí ọmọ ni. Èkejì jẹ́ yunifásítì ìjọba ní ìlú kan tí òjò kì í dá ní àríwá ilẹ̀ Faransé. Àwọn yẹn ò tíì gbà mí. Wọ́n kàn ní kí n wá sọ̀rọ̀ níwájú wọn lórí ẹ̀rọ ayélujára. Lójú mi, kò sí ohun tó tún kù láti rò, nítorí ẹni tó ń lọ sí Paríìsì ló ń lọ.

Ohun mìíràn tó so mí mọ́ Paríìsì ni àbúrò bàbá mi ọkùnrin, tí à ń pè ní Tọ́ntọ̀n. Ọ̀gá ni ní ọ́fíìsì kan ní Lomé. Òun ni yóò ṣe onídùúró mi, torí àwọn tó ń fúnni ní físà fẹ́ ẹni tí owó oṣù ń wọlé fún, owó oko bàbá mi kì í sì í wá lóṣooṣù. Láìsí Tọ́ntọ̀n, kò sí físà. Tọ́ntọ̀n sì ti sọ fún gbogbo ọ́fíìsì pé ọmọ òun ń lọ sí Paríìsì.

Síbẹ̀, Tàǹtí ò gbà. Ó pe ọmọ katikíìsì ìjọ wa, obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Paríìsì, ó sì rán an níṣẹ́ alárinà. Ó fún un ní gbogbo ìbéèrè náà bí wọ́n ṣe wà, kò yọ wèrè kúrò. Ojú tì mí dọ́ba! Mo bẹ ọmọ katikíìsì pé kí ó fi ọgbọ́n yí i padà. Ó ní, "Èmi? Iṣẹ́ tí àgbà rán mi ni mo máa jẹ́." Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọ ańkárá tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọjá ilé onígíláàsì láìwo ìhà ibẹ̀, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń ta kọfí ní òdìkejì, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìjà máa ń wà nínú ilé yẹn?"

Bàbá oníkọfí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó jókòó tì wọ́n. Ó ní ojú tuntun lòun ń rí lọ́dọọdún, òun ò sì rí ẹnì kan tó ti jáde tó padà wá kí olùkọ́ rí. Ó ní àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ti sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù òun, nítorí ibi tí wọ́n bá gbé ìwé ẹ̀rí náà dé, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àyè yọ fún wọn, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú olójò. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ló dá wọn lóhùn níbẹ̀. Ó ní lọ́dọọdún ni àwọn tó ti jáde ń padà wá mú àwọn ọmọ tuntun lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ọmọ Kamẹrúùnù kan ṣàìsàn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gbé ẹ̀kọ́ tọ̀ ọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Wèrè ńkọ́? Ó ní nígbà ìdánwò, gbogbo wọn ló ń ya wèrè, tí ìdánwò bá ti tán, orí wọn á pé. Tàǹtí rẹ́rìn-ín títí iṣu fi jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Àbùkù kan ni wọ́n gbọ́: wọn kì í pàdé àlejò. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan dé, kò rí ẹnì kankan, ó sì sun ibùdó ọkọ̀ ojú irin kó tó ríbi gbé.

Nígbà tí Tọ́ntọ̀n gòkè wá sí Atakpamé fún àjọ̀dún ìjọ, a gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ó fò dìde. "Paríìsì! Ẹ fẹ́ kó fi Paríìsì sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu oníkọfí? Ta ló mọ ìlú tí ẹ ń pè yìí?"

Tàǹtí ò gbé ohùn sókè rárá. "Ìyàwó rẹ tó jókòó yìí, èmi ni mo lọ wádìí ilé wọn ní Notsé. Bó bá ṣe ògiri ilé bàbá rẹ̀ nìkan ni mo wò, ẹnu ọ̀nà ni ǹ bá ti yí padà." Ìyàwó Tọ́ntọ̀n gan-an ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo wa sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Tọ́ntọ̀n jókòó padà. Ó ní, "Ó dáa. Bí àwọn olójò yìí bá gbà á, màá dúró fún un. Bí wọn ò bá gbà á, ẹ má pe orúkọ mi mọ́. Mi ò ní ẹnu tí màá fi padà lọ bá ará Paríìsì." Ẹ̀rù bà mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún ọ. Paríìsì ń retí èsì mi kí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó pé. Bí mo bá jù wọ́n sílẹ̀, tí àwọn tọ̀hún sì kọ̀ mí, òfo lọ́wọ́ ọ̀tún, òfo lọ́wọ́ òsì. Mo sọ fún Paríìsì pé ó tì.

Ilé-ìwé ìjọ tó wà lórí òkè ni nẹ́tíwọ̀kì ti dára jù. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà débi pé ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ lásán gun ẹrẹ̀, bàtà lọ́wọ́. Èèyàn mẹ́ta ló yọjú sí mi lójú ẹ̀rọ, ọkùnrin méjì àti ìyá olùkọ́ kan tí irun rẹ̀ ti funfun. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà bi mí pé kí ló dé tí mo fi yan àwọn. Mo ti há ìdáhùn aládùn kan sórí. Àmọ́ bí mo ṣe lanu, òótọ́ ló já jáde: mo ní a wádìí wọn bí a ṣe ń wádìí ilé ọkọ, mo sì ro gbogbo rẹ̀, títí kan ìyá oníbúrẹ́dì. Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí lẹ wá rí tó burú nípa wa?"

Yéè! Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í sọ àbùkù àna lójú àna. Ẹni tó rán ọ nìkan lo máa sọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n mo ronú pé bí mo bá lè bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú pé oko rẹ̀ ò dára, kí ló dé tí màá fi parọ́ fún àwọn yìí? Mo ní, "Mà, ẹ kì í pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà." Mo sọ ti ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Ìyá náà kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní "A dúpẹ́," ojú ẹ̀rọ sì ṣófo. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi, ó dá mi lójú pé mo ti fi ẹnu ara mi ba ti ara mi jẹ́.

Wọ́n gbà mí o! Ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n tilẹ̀ ní kí n má san. Mo pariwo débi tí àwọn oníbàárà fi sá jáde ní ọ́fíìsì wa. Tàǹtí pín iṣu fún gbogbo awakọ̀ tó dúró ní Glei lọ́jọ́ náà láìgba kọ́bọ̀. Tọ́ntọ̀n fọwọ́ síwèé onídùúró, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó sì ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Paríìsì? Ta ló tún ń lọ sí Paríìsì!" Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ìlú olójò, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló dúró dè mí pẹ̀lú agbòjò. Wọ́n ní ìyá olùkọ́ ló rán àwọn, pé láti ọdún yìí lọ, àlejò kankan ò gbọdọ̀ dé kó má rí ẹni pàdé rẹ̀.

Àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi jù ni ọjọ́ tí a gboyè. Mo ṣe dáadáa, mo wà lára àwọn tó síwájú, mi ò ní fi bò. Ìyá olùkọ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Lẹ́yìn tí o bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo pe ọkùnrin tó kọ́ ọ ní ìṣirò nílé-ẹ̀kọ́ girama ní Atakpamé. Mo bi í pé kí ni ọmọ yìí máa ń ṣe tó bá kùnà. Ó ní á sunkún, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, á ti dúró de òun lẹ́nu géètì kí òun tún un kọ́ ọ." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Àbí o rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ìwádìí ṣe?"

Ọ̀rẹ́ mi, omi bọ́ lójú mi. Láti kékeré ni wọ́n ti fi yé wa pé ẹni tó bá fẹ́ kàwé ní ilẹ̀ òyìnbó, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì ṣàánú fún, kó kúnlẹ̀ gbà á, kó má béèrè ohunkóhun. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé irọ́ ni. Àwa wá ìdí wọn wò, àwọn náà wá ìdí mi wò, olúkúlùkù sì rí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mi ò wọ ilé yẹn bí alágbe. Wọ́n fẹ́ mi ni.