Báàgì Alápò Mẹ́rìnlá

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wá báàgì kan. Ìyàwó mi ní òun ò rántí pé mo lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó pinnu pé òun ni mo fẹ́ fẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jọra, pé iṣẹ́ tí báàgì fẹ́ ṣe pọ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì gbé ọbẹ̀ rẹ̀ kaná.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara mi ní ayàwòrán níwájú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Àwọn tó fẹ́ gbọ́ ò pọ̀. Inú ọ̀rá dúdú ni kámẹ́rà náà kọ́kọ́ ń gbé. Nígbà tó yá, mo gbé e sínú kúlà tí ìyàwó mi fi ń gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́, títí gbogbo ara rẹ̀ fi ń rùn bí ẹja díndín. Àwọn ìwé ìdánwò tí mo fẹ́ máàkì, bíírò pupa, rẹ́gísítà àti ṣọ́ọ̀kì wà nínú báàgì mìíràn lọ́tọ̀. Bí mo bá gun ọ̀kadà, ọ̀kan á wà láyà mi, ọ̀kan á wà lẹ́yìn mi, bí ìyá ìbejì. Ó di dandan kí n wá báàgì kan ṣoṣo tí yóò gba iṣẹ́ méjèèjì.

Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá gba ọjà lọ. Èmi kọ́kọ́ fi rúlà wọn kámẹ́rà. Mo gé páálí kan sí ìwọ̀n rẹ̀, mo gé òmíràn sí ìwọ̀n ìwé ìdánwò, mo wá ń gbé páálí méjèèjì kiri ìlú. Ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán, mo máa ń wo fídíò àwọn òyìnbó lórí fóònù, àwọn tó ń fa síìpù báàgì síwá sẹ́yìn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó di dókítà. Mo gba gbogbo ọ̀rọ̀ wọn gbọ́.

Obìnrin kan wà tó ń ta báàgì ní ọjà Òkè-Ajé. Mo ti lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ nígbà mẹ́rin, mo ti ki páálí mi bọ inú báàgì tó ju ogún lọ, mi ò sì ra nǹkan kan. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ ra báàgì ni àbí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ rẹ̀? Páálí yín yìí ti wọ inú gbogbo ọjà mi tán. Ó ku kí ẹ fi wọn èmi náà."

Mo ṣàlàyé fún un pé kámẹ́rà àti ìwé ìdánwò ni mo fẹ́ kó pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ fara kanra. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa báàgì aláwọ̀ eérú kan yọ lábẹ́ tábìlì.

"Àpò mẹ́rìnlá ló ní. Gbogbo ẹrù yín ló máa ní yàrá tiẹ̀. Nǹkan kan ò lè sọnù síbẹ̀ láéláé."

Mo fa síìpù kan, mo rí síìpù mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tìmùtìmù pẹlẹbẹ wà nínú rẹ̀ tí èèyàn lè ṣí, kó sì tún wọn lẹ̀ síbi tó bá wù ú, kí kámẹ́rà lè sùn láìfarapa. Ọkàn mi fò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ná an tí mo fi sanwó. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá rajà báyẹn ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi náà ò sì sọ fún ìyàwó mi.

Lọ́sàn-án Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo jókòó sí pálọ̀, mo ya máàpù báàgì náà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, jọ́gíráfì ni iṣẹ́ mi. Mo fi nọ́ńbà sí àpò kọ̀ọ̀kan, mo kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, mo tilẹ̀ ya ọfà tó ń tọ́ka sí àríwá, bẹ́ẹ̀ ibi tí mo bá kọjú sí ni àríwá báàgì ń lọ. Yàrá tí wọ́n ṣe fún lẹ́ǹsì kejì ṣófo, torí mi ò ní lẹ́ǹsì kejì, mo wá fi ọ̀rá gààrí tí mo máa ń rẹ mu níbi iṣẹ́ síbẹ̀. Ìyàwó mi wo máàpù náà, ó béèrè ibi tí mo máa tọ́jú máàpù fúnra rẹ̀ sí. Mo ní inú báàgì ni. Láti ọjọ́ yẹn mi ò tíì fojú kan máàpù yẹn mọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé báàgì náà lọ ṣe ni mo fẹ́ sọ. Ẹgbẹ́ àwa tí a jọ ka ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ayépé fẹ́ tẹ ìwé kékeré kan nípa àwọn tíṣà wa àtijọ́. Torí pé èmi ni mo ní kámẹ́rà, wọ́n ní kí n lọ ya ẹnì kan ṣoṣo tó kù láyé nínú àwọn tíṣà náà. Ìyá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà náà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wà lábẹ́ wọn, kò sí ọmọ tó rí ẹ̀rín wọn rí. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń yẹ àpò ìwé wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan: pẹ́ńsùlù, rúlà, ìwé, áńkáṣíìfù. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá pé á nawọ́. Lọ́jọ́ kan tí mi ò mú pẹ́ńsùlù wá, mo parọ́ pé mo yá ẹnì kan ni. Wọ́n nà mí ní ẹgba méjì nítorí pẹ́ńsùlù, mẹ́rin nítorí irọ́.

Nígbà tí mo dé Ayépé, Ìyá Tíṣà ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n ti pa ìwé tí wọ́n ń kà dé. Mo dọ̀bálẹ̀. Báàgì ni wọ́n kọ́kọ́ wò.

"Ṣí i," ni wọ́n wí.

Inú mi dùn. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á ni mo ti ń retí ẹni tó máa ní kí n ṣí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ohun gbogbo ló ní àyè tirẹ̀, pé bí mo bá di ojú mi, màá mú ohun tí mo bá fẹ́. Mo fi ìgbéraga yọ kámẹ́rà, mo tàn án. Kò tàn. Bátìrì ò sí nínú rẹ̀. Àná ni mo yọ ọ́ kúrò lójú iná tí mo ti fi gba ṣáájì, mo sì fi sínú ọ̀kan nínú àpò mẹ́rìnlá.

Mo wo àpò kìíní, mo wo ìkejì. Ìyá Tíṣà ń wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sórí tábìlì wọn: ìwé ìdánwò, ṣọ́ọ̀kì, agboòrùn, ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀pà inú ìgò, fèrè tí mo gbà lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì kan.

"Kí lèyí?" Wọ́n na ìka sí i.

"Ìbọ̀sẹ̀ ni, mà."

"Èkejì ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí, mo láya, mo bímọ, àwọn ọmọ kan sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n ń bẹ̀rù mi. Síbẹ̀, mo tún ń tú àpò kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Mo fa tìmùtìmù lẹ́ǹsì tu pẹ̀lú agbára, ọ̀rá gààrí bẹ́, gààrí sì dà sórí gbogbo ìwé ìdánwò.

Ìyá Tíṣà tẹjú mọ́ tìmùtìmù náà. "Gààrí lo tẹ́ ibùsùn fún?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba gbogbo ara wọn, gèlè wọn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi bọ́ lójú wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ bọ̀ di Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé tí wọn kì í jẹ́ kí a sọ nílé ìwé. Mi ò rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé kámẹ́rà sójú. Mo rántí pé òkú kámẹ́rà ni mo gbé dání, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí mi, wọ́n sì ti kọjú sí mi. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò mú pẹ́ńsùlù wá. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì fi ahọ́n mi dún "kà."

"O yà á?"

"Mo yà á, mà."

Wọ́n nu ojú wọn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ mi ò ní fọ́tò mi kankan àfi èyí tí mo lejú bí ẹni fẹ́ na èèyàn. Mo mọ̀ pé ìyẹn ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́jọ́ tí mo bá kú. Èyí ni kí wọ́n lò. Bá mi tẹ̀ ẹ́, kó tóbi."

Mo ní ó ti parí. Nígbà tí mo délé, mo rí bátìrì náà nínú àpò tó wà lẹ́yìn báàgì, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn kí olè má bàa rí i. Olè ì bá tètè rí i jù mí lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ. Mo ní ìmọ́lẹ̀ àná ò dára tó, kí a tún un yà. Ìyá Tíṣà jókòó, wọ́n lejú. Mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na ètè díẹ̀, ó burú ju kí wọ́n lejú lọ. Mo ṣe àwàdà. Mo tún da gààrí. Wọ́n ní kí n lọ gbé ìgbálẹ̀ wá. Fọ́tò tó le koko yẹn náà ni mo rí yà, ó dára gan-an, ẹgbẹ́ wa fi sínú ìwé.

Fọ́tò ẹ̀rín ni Ìyá Tíṣà ń béèrè. Wọ́n á pè mí lórí fóònù, màá ní iná ò sí níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á tún pè, màá ní bébà tán. Mo ti sọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mi ò mọ̀ rí di aláìsàn tí kò ní gbádùn mọ́. Bí fóònù bá ti dún báyìí, inú mi á bàjẹ́, torí mo mọ ohun tí mo jí lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tó di bí oṣù kan àbọ̀, mo fi báàgì sílé, mo lọ sí Ayépé lọ́wọ́ òfo. Mo kúnlẹ̀, mo sọ pé kò sí fọ́tò kankan, pé ahọ́n mi ni mo fi dún.

Ìyá Tíṣà na etí sí mi. "Dún un kí n gbọ́."

Mo dún un. Kà.

"Ta ni mo wá rẹ́rìn-ín fún lọ́jọ́ náà?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ nìkan lo rí i?"

"Èmi nìkan, mà."

Mo ń retí kí wọ́n ní kí n nawọ́. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n kàn ń wo ojú títì.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Tí wọ́n bá lẹ èyí tó le yẹn mọ́ ògiri, ìwọ ni kí o máa sọ fún wọn pé mo rẹ́rìn-ín."

Ọdún tó kọjá ni wọ́n lọ. Àwọn ọmọ wọn mú fọ́tò inú ìwé ẹgbẹ́ wa, èyí tí mo yà lọ́jọ́ kejì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ láti Ayépé títí wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Gbogbo èèyàn ló ń yìn mí pé iṣẹ́ mi dára. Mo dúró níwájú ọ̀kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan tí a jọ wà ní kíláàsì, ó mi orí, ó ní ìyá yìí ò rẹ́rìn-ín rí láyé wọn.

Mo sọ fún un pé wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní ojú mi ló ṣe, pé omi bọ́ lójú wọn, pé èéjì wà láàárín eyín wọn iwájú, èéjì tó dára. Ó wò mí, ó tún wo ògiri. Ó ní fọ́tò rẹ̀ dà.