Ọ̀wẹ̀ Lórí Ilẹ̀ Àlíyù

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ṣe ogójì ọjọ́ Bàbá Àlíyù ní Ìgbògbò. Lọ́jọ́ Ajé, Tìrìmísíyù ọmọ rẹ̀ wọkọ̀ gba Ìtòíkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kò fẹ́ gbọ́ "Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú" mọ́. Igi bàbá rẹ̀ ló fẹ́ lọ wò.

Lágilági ni Àlíyù. Ogún ọdún ó lé ló fi gé igbó tó wà lẹ́yìn abúlé kan ní Ẹ̀pẹ́, tó ń kó pákó wá sí Ìkòròdú. Ìrókò lọ, ọ̀gànwó lọ, ó ku ẹ̀kan àti ilẹ̀ pupa. Nígbà tó darúgbó, ó ra díẹ̀ nínú ilẹ̀ ọ̀hún, ó ní òun á dá igi padà síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín: "Ológbò ń tọ́mọ fún eku!" Látìgbà yẹn, kò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́, àfi ọmọ rẹ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ro ilẹ̀ náà mọ́ bí ìta mọ́ṣáláṣí. Kò sí ibòji fún ìrókò kéékèèké tó gbìn. Kòkòrò bò wọ́n, ewé wọn wú bí ojú ẹni tí agbọ́n ta. Gbogbo rẹ̀ kú. Lọ́dún kejì, ó gbin igba igi ó lé méjìlá sábẹ́ igbó, kò sì ro ó. "Jẹ́ kí igbó gbé wọn pamọ́," ló wí. Nígbà tí àìsàn dé, wọ́n ti ga dé orúnkún. Ọ̀rọ̀ tó bá Tìrìmísíyù sọ kẹ́yìn kò ju "Máa wo igi yẹn" lọ.

Nígbà tí Tìrìmísíyù débẹ̀, ó kọ́kọ́ rò pé òun ṣìnà. Ilẹ̀ mọ́ láú. Wọ́n ti ṣá gbogbo rẹ̀ balẹ̀, koríko gbígbẹ wà ní òkìtì òkìtì. Nǹkan kan ṣoṣo ló dúró: ẹ̀gẹ́ mẹ́ta tó hù fúnra rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ rọra kọ ebè sí i nídìí.

Bàbá Sàlàkọ́, tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà, jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́fà. Mùsílímátù ìyàwó rẹ̀ ń pín ẹ̀kọ.

"Ọmọ Àlíyù! Káàbọ̀. A ò ráyè wá síbi àdúà, àmọ́ a ò lè máa wò kí igbó gba oko ọlọ́fọ̀. La bá kó ọ̀wẹ̀ jọ. Ọjọ́ méjì gbáko la fi ṣá a lọ́sẹ̀ tó kọjá!"

"Ejò inú igbó bàbá ẹ ti tó dá ìlú sílẹ̀," ni ọ̀kan nínú wọn wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Kí ni Tìrìmísíyù fẹ́ sọ? Ẹni tó bá ọ ro oko, tí kò gba kọ́bọ̀, báwo lo ṣe fẹ́ bá a jà? Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ ò ní rí irú ẹ̀." Ó payín keke kó tó dìde.

Bàbá Sàlàkọ́ fa ìṣáná yọ lápò. "Ó ku ká dáná sun ún."

"Ẹ má sun ún!"

Ẹ̀kọ bọ́ lọ́wọ́ Mùsílímátù.

"Kí ló dé? Ṣé o ri wúrà mọ́lẹ̀ síbẹ̀ ni?"

"Igi ni, bàbá. Igi tí bàbá mi gbìn. Ìrókò, ọ̀gànwó, arère. Gbogbo ẹ̀ lẹ ti gé. Gbòǹgbò ẹ̀ ló kù. Tíná bá kàn án, ó tán nìyẹn."

Bàbá Sàlàkọ́ wo ilẹ̀ náà káàkiri.

"Àlíyù lágilági? Ó gbin igi? Kí ló dé tí kò wí? Ojoojúmọ́ là ń kọjá níbí. Èmi tiẹ̀ ń pè é lọ́lẹ!"

"Ẹ̀ bá fi í rẹ́rìn-ín."

Bàbá náà rò ó. "Òótọ́ ni. À bá rẹ́rìn-ín." Ó dá ìṣáná padà sápò.

Mùsílímátù ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ tú koríko. Ó rí kùkùté kékeré méjì, kò ju ìka lọ, inú wọn ṣì tutù. "Ṣé èyí ni, àbí èyí?"

Tìrìmísíyù kúnlẹ̀ tì í. Ó wo èkíní, ó wo èkejì. Kò sí ewé lórí wọn mọ́. Bàbá rẹ̀ ìbá kàn fọwọ́ pa á, ìbá sì dárúkọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí òun tẹ̀ lé e wá síbí, fóònù ló ń tẹ̀.

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ká wá ṣe é báwo?"

"Ẹ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má fàdá kàn án mọ́. Tó bá rúwé, màá mọ̀ ọ́n."

"Koríko ló máa kọ́kọ́ rúwé o," ni Bàbá Sàlàkọ́ wí.

Tìrìmísíyù gé imọ̀ ọ̀pẹ kan, ó fi ṣíji bo kùkùté méjèèjì.