Fọ́ọ̀mù Ilé Kẹtàdínlógójì

Iṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́ Asiata. Láti ìgbà tí ó ti jáde ilé ìwé girama, ó ti ṣe tíṣà ní Ilemona, ó ti kọ́ ìwé títẹ̀, ó ti bá obìnrin kan ta aṣọ lọ́jà. Kò sí èyí tí ó lo ọdún kan nídìí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbà pé ilé tí àwọn ń gbà kiri ló fà á. Bàbá rẹ̀, Abdulganiyu Àjàní, òṣìṣẹ́ rélùwéè, kú sí Zaria ní ọdún 1981. Ìyá àti ọmọ padà sí Ọ̀fà, wọ́n sì kó ẹrù láti ilé onílé kan dé òmíràn nígbà márùn-ún láàárín ọdún mẹ́tàlá.

Ní ọdún 1994, Pólì ti pé ọdún méjì nílùú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún gbogbo àdúgbò, ẹni tó ní yàrá kan tó ṣófo ti ń wá ayálégbé sí i. Ni ìjọba ìbílẹ̀ bá ń wá àwọn tí yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọn yóò bi àwọn onílé pé yàrá mélòó ni wọ́n ní, mélòó ni wọ́n fi háyà, ibo ni àwọn ará ilé ti ń pọn omi, ta ni ó ni ilé. Asiata gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀, nítorí pé ìrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àwọn onílé kò rí i báyẹn. Owó orí ni wọ́n rò pé ó bá wá. Bàbá kan ní yàrá mẹ́ta péré lòun ní, rédíò sì ń ké nínú yàrá mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá kan ní kí ó kọ́kọ́ fi Kùránì búra. Asiata kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kọ́ bí a ṣe ń fi ojú ka sítóòfù tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ àti bàtà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ṣe ilé mẹ́rìndínlógójì.

Ilé kẹtàdínlógójì wà lẹ́yìn ojú irin, lọ́nà Ẹ̀rìn-Ilé. Ayálégbé kan tó ń jẹ́ Evelyn, tíṣà ni, ló dá a lóhùn. Ó ní yàrá mẹ́wàá ni, akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nínú mẹ́jọ. Asiata bi í léèrè orúkọ onílé.

Evelyn ní, "Alhaji Kamaldeen ni. Oníṣòwò pákó."

Bírò dúró lọ́wọ́ Asiata. Kamaldeen ni àbúrò bàbá rẹ̀, òun nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá wọn. Ó kọ orúkọ náà, ó sì bi í léèrè omi. Evelyn mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kànga wà. Lára sìmẹ́ńtì ẹnu kànga náà, ẹnì kan ti fi ìka kọ ọ́ nígbà tó ṣì tutù pé: ABDULGANIYU ÀJÀNÍ, ZARIA, 1977.

Asiata fi ọwọ́ kan án. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, Kamaldeen sọ fún wọn pé ìpìlẹ̀ lásán ni ẹ̀gbọ́n òun fi sílẹ̀, ìjọba sì ti gba ilẹ̀ náà láti fi ṣe títì.

Kò lè lọ sí ilé kejìdínlógójì mọ́. Ó rìn tẹ̀ lé ojú irin títí dé téṣàn, ó padà, ó tún lọ. Nígbà tí ó délé, ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà. Ó ro ohun tó rí fún un lórí ìdúró. Ìyá náà ṣa ẹ̀wà títí ó fi parí ọ̀rọ̀.

"Mo ti mọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn," ni ìyá rẹ̀ sọ. "Òun ló rán ọ níwèé. Kí lo fẹ́ kí n wí?"

Èyí dun Asiata ju irọ́ àkọ́kọ́ lọ. Kò jẹun. Bí ó bá jókòó, á tún dìde.

Ó dé ìsọ̀ pákó Kamaldeen láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó sì nawọ́ fọ́ọ̀mù náà sí i. Bàbá náà gbà á, ó kà á.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ìjọba gba ilẹ̀ náà, Bàbá."

Kamaldeen ní kí ó dìde nílẹ̀. Ó ní sìmẹ́ńtì ló ń ti Zaria wá, òun lòun ń pọn omi tí wọ́n fi ń pò ó. Ọdún mẹ́ta lòun fi dúró ti àwọn bíríkìlà nínú oòrùn, tí òun kò kọ́ ti ara òun. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun kú, òun wo ilé náà, òun kò sì lè yọwọ́ kúrò níbẹ̀.

Asiata ní, "Ká ní ẹ sọ báyìí fún ìyá mi, wọn ì bá gbọ́ yín."

"Mo mọ̀ pé yóò gbọ́," ni Kamaldeen wí. "Ojú ló tì mí."

Asiata gba fọ́ọ̀mù náà padà. Ó jókòó lórí pákó kan níta, ó sì kọ orúkọ bàbá rẹ̀ ṣáájú ti Kamaldeen sórí ìlà kan ṣoṣo tó wà fún orúkọ onílé. Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé tó jẹ́ ọ̀gá wọn dá fọ́ọ̀mù náà padà. Ó ní orúkọ kan ni ìlà náà gbà, pé fọ́ọ̀mù kì í ṣe ìwé ilẹ̀, kò lè fi ilé fún ẹnikẹ́ni, kò sì lè gbà á. Asiata ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ilé náà sílẹ̀ láìkà. Wọ́n rán ẹlòmíràn lọ síbẹ̀. Kò mọ orúkọ tí onítọ̀hún kọ, kò sì béèrè.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá tí ó fi ń ka ilé àwọn ẹlòmíràn, tí kò sì lè gbádùn oorun. Lọ́jọ́ kẹwàá, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Kamaldeen kan ilẹ̀kùn wọn, òun àti Lẹ́mọ́mù àdúgbò. Ó jókòó sórí àpótí kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá Asiata lójú Lẹ́mọ́mù, kò yọ irọ́ ti títì sílẹ̀. Ìyá náà bi í ní ìbéèrè kan péré: ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí ilé náà kó tó kú? Ó ní ó rí i lẹ́ẹ̀kan, wọn kò tíì kan òrùlé rẹ̀ nígbà náà. Ìgbà yẹn ni ìyá náà tó sunkún.

Lẹ́mọ́mù pín ogún bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ parí ìdánwò, yàrá mẹ́ta iwájú ṣófo, ìyá àti ọmọ kó wọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, Kamaldeen a máa yà sọ́dọ̀ wọn. Òun àti ìyá náà a jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọn a sọ̀rọ̀ nípa Zaria, nípa olóògbé. Asiata a kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ, á gbé omi fún un. Lẹ́yìn náà, á wá ohun kan tó máa lọ rà lọ́jà, kò sì ní padà títí bàbá náà yóò fi lọ.