Lẹ́tà Tí Kanakavalli Kọ Nípa Pápá Ẹlẹ́bọ́tọ

Kanakavalli kì í kúnlẹ̀ mọ́. Tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti gbẹ, á tẹ̀ síwájú láti ìbàdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á nà gbọnrangandan, á fi àtàǹpàkò tẹ ilẹ̀ pápá náà, á dúró díẹ̀, á wá gbé àtàǹpàkò náà sí imú. Bí ó bá ṣì ń rùn bíi koríko tútù, kò tíì yá. Bí kò bá rùn mọ́, àwọn ọmọ lè wọlé.

"Ó gbẹ àbí kò gbẹ?" Muthuponnu pariwo láti ìdí àgbá. "Àbí o fẹ́ tọ́ ọ wò ni?"

"Ó ku díẹ̀, Akka."

Akka, ẹ̀gbọ́n, ni gbogbo ẹgbẹ́ tẹníìsì Kumbakonam ń pè é, nítorí kò sí ẹni tó bá a lọ́jọ́ orí níbẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Muthuponnu ti ń kó ẹlẹ́bọ́tọ àwọn màlúù rẹ̀ wá, tó ń fi omi pò ó nínú àgbá, tó sì ń fi ìgbálẹ̀ ra pápá náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá gbẹ tán, á dán, á sì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù á ta sókè níwọ̀nba, bí àlejò tí kò fẹ́ da ilé onílé rú.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Kanakavalli nígbà tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ mú un wá síbẹ̀. Akọ̀wé ni bàbá náà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kò sì gbá tẹníìsì rí láyé rẹ̀. Inú ìwé ló ti kọ́ ọ. Á dúró lẹ́yìn àwọ̀n pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́, á máa kà á sókè sí ọmọ rẹ̀: ẹsẹ̀ òsì síwájú, ojú lára bọ́ọ̀lù. Bí orí kan bá ti parí nínú ìwé, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí nìyẹn.

"Kanaka," àwọn ará àdúgbò a máa wí, "kí ni bàbá rẹ kà fún ọ lónìí?"

Ẹ̀fẹ̀ náà rọlẹ̀ nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó gba ife àwọn ọmọbìnrin gbogbo ìpínlẹ̀ Tamil Nadu. Nígbà tí ó pé ọdún méjìdínlógún, tó gba ti àwọn obìnrin gbogbo India, kò sí ẹni tó rántí ẹ̀fẹ̀ náà mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán an jáde. Colombo. Jakarta. Bangkok. Sìmẹ́ńtì ni gbogbo ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó máa ń dé ìbàdí nílé ń dé èjìká níbẹ̀, á sì ti kọjá kí ó tó nawọ́. Ní Bangkok, lọ́dún 1992, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan nà án láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Ó jókòó sí yàrá ìmúra, rákẹ́ẹ̀tì lórí itan, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ àwọn méjì tó kàn.

Kí ó tó kúrò nílùú náà ló kọ lẹ́tà kan sí àwọn aláṣẹ tẹníìsì ní Chennai. Ojú ewé mẹ́ta ni. "Orí ẹlẹ́bọ́tọ la ti ń tọ́ àwọn ọmọbìnrin wa," ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, "sìmẹ́ńtì la wá ń rán wọn lọ bá jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi sìmẹ́ńtì bo pápá Kumbakonam." Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fi òǹtẹ̀ lu àpòòwé náà. Èsì kò wá.

Ọdún méjì sí i ló fi bá sìmẹ́ńtì fà á. Orúnkún ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, ti òsì tẹ̀ lé e. Iléeṣẹ́ rélùwéè, tó ti gbà á síṣẹ́ nítorí tẹníìsì, gbé e lọ sí ojú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló sì wà títí di báyìí tó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógójì. Àwọn tó wá fẹ́ ẹ béèrè bóyá ó lè jókòó sórí ẹní gba àlejò. Kò lè jókòó sórí ẹní.

Ohun tó lè ṣe ni kí ó dúró. Láràárọ̀, kí fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣí, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin mẹ́sàn-án lórí pápá ẹlẹ́bọ́tọ. Lórí sìmẹ́ńtì, láàárín ìdajì wákàtí, orúnkún rẹ̀ á wú bí ìrẹsì inú omi. Lórí ẹlẹ́bọ́tọ, á dúró títí iṣẹ́ á fi parí.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó bá ìwé kan lára géètì ẹgbẹ́ náà.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Muthuponnu béèrè. Òun kò mọ̀wé kà.

"Wọ́n fẹ́ fi sìmẹ́ńtì bo pápá. Ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní èmi ni màá fọ́ àgbọn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Muthuponnu bú sẹ́rìn-ín. "Kí n wá lọ sọ fún àwọn màlúù mi pé kí wọ́n má yàgbẹ́ mọ́?"

"Akka, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín."

"Mo mọ̀. Àwọn màlúù ni kò mọ̀." Ó fi etí aṣọ nu ọwọ́. "Lọ bá wọn sọ ọ́. Ìwọ lo mọ̀wé. Fọ́tò tìẹ ló wà lára ògiri wọn, kì í ṣe tèmi."

Sundaresan, akọ̀wé ẹgbẹ́, wà nínú ọ́fíìsì, ó ń da kọfí láti inú ife sínú àwo, láti inú àwo padà sínú ife, kó lè tutù. Nígbà èwe wọn, òun àti Kanakavalli jọ máa ń gbá tẹníìsì ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, takọtabo.

"Kanaka! Ìràwọ̀ tó tàn jù nínú wa! Jókòó. Orí àga o, mi ò ní kí o jókòó sílẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ pápá yẹn."

Kọfí dúró nínú àwo. "Àwàdà lò ń ṣe."

"Ẹ wo orúnkún mi. Ohun tí sìmẹ́ńtì máa ṣe fún àwọn ọmọ yẹn nìyẹn. Èmi gan-an ò sì lè dúró lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá da sìmẹ́ńtì síbẹ̀, ẹ ti lé mi lọ nìyẹn."

Sundaresan fa fáìlì kan yọ. Ojú ewé mẹ́ta ló wà lókè pátápátá, wọ́n ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, òǹtẹ̀ lórí òǹtẹ̀. Kanakavalli mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀.

"Ìwọ lo bẹ̀bẹ̀," ni Sundaresan wí. "Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ń rìn láti orí tábìlì kan dé òmíràn. Wọ́n lè gbàgbé ìwọ, àmọ́ wọn kì í gbàgbé lẹ́tà."

"Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà yẹn."

"Ṣé o purọ́ níbẹ̀ ni?"

Ó ka ojú ewé àkọ́kọ́ látòkè délẹ̀. "Rárá."

"Ṣé irọ́ ni pé ẹlẹ́bọ́tọ ni kò jẹ́ kó o rọ́wọ́ mú ní Bangkok?"

"Kì í ṣe irọ́."

"Ó tán nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ òmíràn. Kí n sọ pé mo ti yí ọkàn padà."

"Kọ ọ́. Màá fi òǹtẹ̀ lù ú lójú rẹ báyìí. Àwọn ọmọ rẹ wọ̀nyẹn á ti máa tọ́jú ọmọ ọmọ wọn kó tó dé Chennai." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Gbọ́, Kanaka. Tá a bá dá owó tí Chennai fi ránṣẹ́ padà, kì í ṣe ẹlẹ́bọ́tọ ló máa wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń wá ibi tí wọ́n máa gbé mọ́tò sí. Tí kì í bá ṣe sìmẹ́ńtì tẹníìsì, sìmẹ́ńtì mọ́tò ni. Èwo lo fẹ́?"

Kanakavalli dá ojú ewé mẹ́ta náà padà sínú fáìlì.

Ó kọ lẹ́tà kejì náà lójú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, láàárín èrò kan àti òmíràn. Ìdajì ojú ewé ni. Sundaresan gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó sì tẹ́ ẹ sí abẹ́ àkọ́kọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó dé pápá, ó rí i pé Muthuponnu ti fi ẹlẹ́bọ́tọ tuntun rà á látẹ̀yìn wá, láti igun dé igun.

"Akka, kí lẹ ṣe èyí sí? Wọ́n fẹ́ gbẹ́ ẹ ni."

"Àlejò ń bọ̀," ni Muthuponnu wí.

Àwọn ọ̀gá Chennai dé pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n sì rìn lórí rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́sàn-án tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu wọn kò padé. Yazhini, tó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wọn, fa ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀.

"Mà, ṣé bọ́ọ̀lù á máa ta bíi ti tẹlifíṣọ̀n?"

"Á máa ta bẹ́ẹ̀."

"A ó wá máa na àwọn ará Chennai!"

"Ẹ ó máa nà wọ́n."

Àlùfáà tẹ́ńpìlì kan fi ata ilẹ̀ pupa sàmì sí bíríkì àkọ́kọ́, ó gbé àgbọn lé Kanakavalli lọ́wọ́. Ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀. Kanakavalli wo Sundaresan. Sundaresan wo bàtà ara rẹ̀. Kanakavalli gbé àgbọn náà sókè, ó sọ ọ́ mọ́ òkúta, ó sì là sí méjì gbọọrọ, ààbọ̀ sí ààbọ̀. Àmì rere ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan gun orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀, eyín ẹ̀rọ náà sì wọ ilẹ̀ níbi tí ìlà àárín wà.

Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́jọ ti ń bọ̀. Kanakavalli gbé báàgì rẹ̀.

"Mà! Ẹ wá ká ya fọ́tò!" Yazhini pè é láti ẹ̀yìn.

Ó gbé ọwọ́ kan sókè láìwẹ̀yìn. Ó kọjá lára Muthuponnu ní ẹnu géètì, ó bọ́ sí ojú ọ̀nà ibùdókọ̀ rélùwéè, ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí iyanrìn ti rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.