Mọ́tò Tó Ń Yà Bàrá Lọ́nà Ìpàpó

Òórùn aró ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀ sí Ìsẹ́yìn láyé ìgbà náà. Kí o tó rí òrùlé kan ṣoṣo, òórùn inú ìkòkò àwọn aláró á ti pàdé rẹ lọ́nà, á dà pọ̀ mọ́ ti koríko tí àwọn ọdẹ sun nínú ọ̀dàn, ọyẹ́ á sì gbé méjèèjì wá bá ọ nímú. Mo ti gbé ìlú púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ báyìí, tí ètè ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í là, ọkàn mi ti padà síbẹ̀ nìyẹn, sí ọdún tí mo fẹ́ràn ọmọ ahunṣọ kan tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ fojú kàn mí. Kì í ṣe pé mo jalè, kì í ṣe pé ìdílé wa ní àbùkù. Mọ́tò ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Awakọ̀ ni mí nígbà náà. Òyìnbó kan tó ń ra òwú káàkiri Òkè-Ògùn ló ni mọ́tò náà, èmi ni mo sì ń wà á fún un. Ìwọ náà mọ bí mọ́tò ṣe ṣọ̀wọ́n tó láyé ìgbà náà. Bí ó bá ń bọ̀ lókèèrè, àwọn ewúrẹ́ á kọ́kọ́ sá, àwọn ènìyàn á sì sáré jáde wá wò ó. Ó ga nílẹ̀ dáadáa, kí ó lè gba orí kùkùté àti ọ̀gán kọjá, torí pé ohun tí à ń pè ní ọ̀nà láti Ìsẹ́yìn lọ sí Òkèhò tàbí Ìpàpó kò ju ipa ẹsẹ̀ tí wọ́n gé igbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi á jókòó sẹ́yìn sitiárìn, àgbá róbótó tí a fi ń darí rẹ̀, fìlà mi á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àyà mi á yọ síwájú. Hẹn, ta ló tó mi? Kò sí ẹni tó tó mi ní gbogbo Ìsẹ́yìn.

Ìgbà tí ọyẹ́ wọ̀ gan-an ni nǹkan yí padà. Mọ́tò tó ń gbọ́ràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣorí kunkun. Mo yí sitiárìn sí ọ̀tún, ó kọ́kọ́ rò ó ná kí ó tó lọ sí ọ̀tún. Mo mú un dúró gbọnyin pé kó máa lọ tààrà, ó ń ṣe jánganjàngan bí ẹni tó mu ẹmu yó. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ òkúta, á yà bàrá wọ inú igbó kí n tó fà á padà. Mo ń rò pé á tó dáwọ́ dúró, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń kọjá níwájú àwọn tó ń hun aṣọ òkè.

O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òwú tí wọ́n ń hun máa ń gùn láti ẹnu òfì títí dé ibi tí wọ́n gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ kó lè fà le, gbogbo rẹ̀ á nà sílẹ̀ gbọọrọ bí okùn tí wọ́n so mọ́ igi. Bàbá àfẹ́sọ́nà mi nìyẹn nídìí òfì tirẹ̀, àgbà ahunṣọ, ó ń hun aṣọ ìyàwó kan tí gbogbo ìlú ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo rọra ń kọjá. Mo tilẹ̀ ń tẹrí ba láti kí i. Ẹsẹ̀ mọ́tò kọ gbòǹgbò igi kan, sitiárìn kò dá mi lóhùn, ó di inú òwú! Yéè! Òwú já yányán, òkúta ń wọ́ tẹ̀lé wa, àwọn ọ̀dọ́ ahunṣọ fò dìde, wọ́n ń pariwo. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí ẹni tó fara pa.

Mo bẹ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀. Bàbá náà kò pariwo. Ó kó òwú tó já sọ́wọ́, ó wò ó, ó wò mí.

"Ìwọ lo ń wa nǹkan yìí, àbí òun ló ń wà ọ́?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Wàláhì, mi ò fún ẹni tí irin ń dà kiri bí ẹran lọ́mọ. Bí o bá gbé ọmọ mi sínú rẹ̀ lọ́la, ibo ló máa gbé e jù sí? Dìde, máa lọ."

Ó parí. Ìgbéyàwó tí àwọn ẹbí mi ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lórí rẹ̀ láti ìgbà iṣu tuntun, ọ̀rọ̀ ẹnu kan fọ́ ọ yángá. Mo rán alárinà, wọ́n dá a padà. Mo rán àbúrò bàbá mi, wọ́n fún un lómi mu, wọ́n ní kó pẹ̀lẹ́ o. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Inú bí mi sí mọ́tò náà débi pé mo fi ẹsẹ̀ ta á, ẹsẹ̀ mi ló sì dùn mí.

Nígbà tí orí mi wálé, mo mú sípánà. Mo ní bí nǹkan bá ń mì, ohun tó tú ni, ohun tó bá sì tú, kí a dè é le. Gbogbo nọ́ọ̀tì tí ọwọ́ mi bà nídìí sitiárìn ni mo dè, mo fún un le títí ojú mi fi ń yọ. Mo wa mọ́tò jáde. Hàá, ó burú ju ti àná lọ! Sitiárìn wá le tó bẹ́ẹ̀ tí apá fi ń ro mí láti yí i, síbẹ̀ mọ́tò náà ṣì ń ṣe jánganjàngan tirẹ̀ lọ. Mo tú gbogbo ohun tí mo dè padà sí bó ṣe wà. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ó yé mi lọ́jọ́ náà pé mo ń lo oògùn fún àìsàn tí mi ò tíì mọ orúkọ rẹ̀.

Àfẹ́sọ́nà mi ló wá bá mi lábẹ́ igi ìgbá tí mo gbé mọ́tò sí. Ó ní òun ń lọ pọnmi, ṣùgbọ́n ọ̀nà odò kò gba ibẹ̀.

"Ẹ ti rí ohun tó ń ṣe é?"

"Mi ò tíì rí i."

"Ẹ tètè wá a o. Bàbá ti ń dárúkọ oníṣòwò obì kan fún mi."

Mo ní kí ó bá mi wá odó méjì. Ó lọ yá a lọ́wọ́ ìyá kan ní agbo ilé tó wà nítòsí, ìyá náà sì tẹ̀ lé odó rẹ̀ wá.

"Odó tí a kì í jókòó lé, òun lẹ fẹ́ gbé irin lé?"

"Ìyá, mọ́tò kì í ṣe ènìyàn, kò lè jẹ èèwọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dúró wò wá. Mo fi igi gbọọrọ gbé iwájú mọ́tò sókè, mo ti odó sí abẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀. Mo ní kí àfẹ́sọ́nà mi gun òkè, kó máa yí sitiárìn díẹ̀ sí ọ̀tún, díẹ̀ sí òsì, kó má dáwọ́ dúró. Èmi sùn sábẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo gbé ìka lé oríkèé irin kìn-ín-ní: bí ó ti ń yí, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹn ń jẹ́ ẹ. Mo sún sí èyí tó tẹ̀ lé e: kò fi nǹkan kan falẹ̀. Báyìí ni mo tọ ìyípo ọwọ́ rẹ̀ láti irin dé irin, bí ẹni tó ń tọpa ẹran. Gbogbo wọn ń jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán wọn. Sitiárìn kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn! Èmi tí mo ti ń bú u láti ọjọ́ yìí.

Ó wá ku ẹsẹ̀ mọ́tò fúnra rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di táyà mú, mo mì ín. Kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́. Àárín rẹ̀ dúró, kò mì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lọ́wọ́ mi. Mo wò ó dáadáa. Igi ni ẹsẹ̀ mọ́tò láyé ìgbà náà, àwọn igi róbótó tí ó ti àárín nà dé etí, tí wọ́n kùn lọ́dà. Níbi tí igi kọ̀ọ̀kan ti wọ inú ihò rẹ̀, mo rí ìlà funfun tínńtín tí ọ̀dà kò dé, bí ìgbà tí ènìyàn bá yọ ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò nínú bàtà. Igi náà ti sún. Ọyẹ́ ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ.

Ọ̀rẹ́ mi, mo kígbe lábẹ́ mọ́tò náà! Mo gbàgbé pé irin wà lórí mi, mo fi iwájú orí gbá a. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí kí n tó di awakọ̀. Ta ni kò mọ̀ ní Òkè-Ògùn pé bí ọkọ́ bá ń yọ lórí èèkù nígbà ọyẹ́, a kì í kàn án níṣòó, omi la máa ń rì í sí, kí èèkù mu omi, kó wú, kó di irin mú? Gbogbo ọdún ìgbà èwe mi ni mo ń ṣe é. Torí pé mọ́tò jẹ́ ti òyìnbó ni kò ṣe wá sí mi lọ́kàn pé igi òyìnbó náà máa ń gbẹ.

Mo rọra wà á lọ sódò tó kù díẹ̀ kó gbẹ lẹ́yìn ìlú. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi yí mi ká, ọ̀rọ̀ wọn kò dùn ún gbọ́. Ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́ kù, kí n wá fi ẹsẹ̀ mọ́tò rú u?

"Ṣé ó ń mu omi ni?" Àgbà inú wọn ló béèrè.

"Òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, Ìyá. Ẹ ṣàánú mi. Nítorí ìyàwó ni."

"Nítorí ìyàwó kẹ̀!" Ẹ̀rín bú sáàárín wọn. "Kó yáa lọ mu ti ìsàlẹ̀, níbi tí a ti ń fọṣọ."

Mo wà á sí ìsàlẹ̀ odò, mo kó àpò òwú àlòkù tí mo rì sómi bo ibi tí omi kò dé lára ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì fi í síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo padà dé ní òwúrọ̀, mi ò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Mo di táyà mú, mo mì ín. Kò dún. Mo tún un mì pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ó dúró gbagidi. Mo wà á jáde lódò, mo yí i sí ọ̀tún, ó lọ sí ọ̀tún kí ọwọ́ mi tó parí ọ̀rọ̀. Orin ni mo ń kọ padà wọ ìlú, ohùn mi kò sì dára rárá.

Ọ̀dọ̀ bàbá ni mo gbà lọ. Mo gbé mọ́tò jìnnà sí òwú, mo lọ dọ̀bálẹ̀. Mo ní mi ò wá bẹ̀bẹ̀ fún ìyàwó lónìí, mo kàn wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi jókòó sínú rẹ̀ dé ọ̀nà Ìpàpó. Òfì rẹ̀ dákẹ́.

"Bí mo bá kú sínú rẹ̀, ẹni tí ì bá fún ọ níyàwó ti lọ nìyẹn."

"Ìdí nìyí tí ẹ ò fi ní kú, Bàbá."

Ó mú fìlà rẹ̀. Ó gòkè, ó di ẹ̀gbẹ́ àga mú, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ṣe àdúà. Afárá kan wà lọ́nà náà tó jẹ́ ìtì igi méjì péré, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí ọ̀kan, ẹsẹ̀ òsì lórí ìkejì, òkúta nìkan ló wà nísàlẹ̀. Kò sí awakọ̀ tí ọkàn rẹ̀ kì í fò níbẹ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, bàbá di ojú. Mo tọ́ ọ sórí ìtì igi, mọ́tò náà sì gùn ún lọ gbọọrọ, kò yẹ̀, kò ṣe jánganjàngan. Nígbà tí a kan ilẹ̀ lódìkejì, bàbá la ojú, ó bojú wẹ̀yìn.

"A ti kọjá?"

"A ti kọjá, Bàbá."

"Padà. Mi ò rí i dáadáa."

A padà, ó la ojú sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó tún ní ká lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àgbà ahunṣọ, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́ lórí afárá! Nígbà tí a wọ ìlú, ó ní kí n rọra máa lọ níwájú ilé àwọn ẹgbẹ́ òun, kí wọ́n lè rí òun. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ dànù lára agbádá rẹ̀, ó ní: "Sọ fún àwọn ẹbí rẹ pé kí wọ́n wá." Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò sì lè dìde fún ìgbà díẹ̀, torí pé ẹkún ayọ̀ ti gbà mí.

Bí mo bá ń rò ó nísinsìnyí, mo máa ń rí i pé kì í ṣe mọ́tò nìkan ni mo fẹ́ fi sípánà fún le. Gbogbo àwọn tí mo rán sí bàbá náà, sípánà ni wọ́n. Wọ́n lọ fún un le, ó sì ń le sí i. Kò sí ẹni tó ronú pé ọkùnrin kan tó ti ń jókòó nídìí òfì láti kékeré, tí ó ń wo bí mọ́tò ṣe ń kọjá lójoojúmọ́, lè fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun náà pé, Bàbá, ẹ gòkè. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ń mì ló tú. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ó gbẹ ni.

A ti bí ọmọ, a ti tọ́ wọn, wọ́n sì ti fojú wa rí nǹkan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ṣe ségesège, tí mo ti ń gbé ohùn sókè, ìyá wọn á wò mí láti ẹnu ọ̀nà, á ní, "Ẹ gbé e lọ sódò ná." Ìbínú mi á tú. N ó jókòó, n ó pe ọmọ náà mọ́ra, n ó bi í bóyá ó ti jẹun.